Kọ́tìnnì Tó Wọ́lẹ̀

Kọ́tìnnì tí a bá nínú ilé náà kúrú. Àwọ̀ eérú ni, etí fèrèsé ló sì ti dúró, bí ẹni tó wọ ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ lọ sóde. Láti ọjọ́ tí a ti kó dé Clonsilla, ní Dublin, ni ọkọ mi kò ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní pálọ̀ lojú ilé, pé ilé tí kọ́tìnnì rẹ̀ kò bá wọ́lẹ̀, àwọn tó ń gbébẹ̀ kò tíì pinnu pé àwọn máa dúró. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Abẹ́ fèrèsé gan-an ni wọ́n máa ń kan hítà mọ́ ní ìlú yìí. Bí kọ́tìnnì bá ti wọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni hítà máa wà, gíláàsì fèrèsé ni yóò máa yáná, ẹni tó jókòó sí pálọ̀ á sì máa gbọ̀n. Kò sí ilé ọmọ Nàìjíríà tí mo wọ̀ ní Dublin tí wọn ò ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́tìnnì á máa dán, onílé á wọ súwẹ́tà méjì léra.

Àwàdà la fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún ọdún mélòó kan. Ìgbà tí àwọn dókítà sọ pé kò sí nǹkan mìíràn tí àwọn lè ṣe sí àìsàn ọkọ mi, pé ká máa gbé e bọ̀ wálé, ni kò jẹ́ àwàdà mọ́. Kò lè gun àtẹ̀gùn. Pálọ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ náà ni àlejò yóò sì ti máa bá a.

Àwọn ọkùnrin ìjọ wa wá bá mi gbé àga ńlá jáde. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù wọlé, èyí tó ń fi bọ́tìnnì gòkè sọ̀kalẹ̀. Mo gbé tábìlì onígíláàsì kúrò láàárín ilé kí nọ́ọ̀sì lè ráyè kọjá. Mo yọ òdòdó oníke kúrò lára ògiri nítorí eruku àti ikọ́, mo fi fọ́tò ìgbéyàwó wa síbi tó ti lè rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mò ń to pálọ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò, inú sì ń bí mi, nítorí mo mọ irú àlejò tó ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ fi ẹnu mi pè é.

Kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é nínú wa. Bí ọkọ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ pé, “Tó bá ṣẹlẹ̀ pé mi ò sí mọ́,” àdúrà ni a ó fi dá a lẹ́nu kọ́. Pásítọ̀ á ní a kò gbà á. Èmi á ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin a máa pè láti Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á ní ilé làbọ̀ sinmi oko, pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ilé ni yóò bọ̀. Ọkọ mi á kàn máa mi orí sí fóònù. Mo rò pé ó ń gbà ni.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin, Dublin náà la bí i sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn kan ní Finglas. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi máa ń dá wa lóhùn látìgbà èwe rẹ̀, bàbá rẹ̀ kì í sì bá a jà. Àmọ́ bí àìsàn náà ṣe ń wọra, bẹ́ẹ̀ ni gẹ̀ẹ́sì ń kúrò lẹ́nu ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì á béèrè ọ̀rọ̀, Yorùbá ni yóò fi fèsì. Ni ọmọ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ó gbìyànjú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló fi ń pe gbogbo ọ̀rọ̀, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí n kì í lè pa ẹnu mi mọ́, mò ń tún un ṣe tọ̀sán tòru.

Ọmọ yìí ló ní ká pààrọ̀ kọ́tìnnì kí ara bàbá òun lè yá díẹ̀. Ó lọ ra méjì ní Finglas, ọ̀kan tó máa dúró lókè hítà, èkejì tó máa balẹ̀. Ó ní èyí tí Daddy ò bá fẹ́, òun á dá a padà. Ó gun àga, ó na èyí tó gùn sójú fèrèsé, ó wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀.

“Daddy, ṣé ẹ fẹ́ kó wọlẹ̀?”

Wọ́lẹ̀ ló fẹ́ wí, kí aṣọ gùn débi tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọlẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú tí wọ́n ń gbé wọ inú ilẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró, ó nu ẹnu rẹ̀.

“Kọ́tìnnì kọ́ ló máa wọlẹ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Èmi ni. Ibí ni kẹ́ ẹ sì sin mí sí.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Gbẹ́nu dúró fún mi. Láti ọjọ́ yìí, òun nìkan ló bi mí ní ohun tí mo fẹ́.”

Ó wá sọ ọ́ tán. Bí a bá gbé òun lọ Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n òun ti darúgbó, ta ni yóò máa wá wo òun? Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lè wọ bọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ òun tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ náà ṣì wà lórí àga, ó ń wò mí. “Mam, what did I say?” Èmi ni mo là á yé e. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kó orí sínú aṣọ ìbora bàbá rẹ̀, ó ní kọ́tìnnì lòun ń sọ, kọ́tìnnì nìkan. Bàbá rẹ̀ ní òun mọ̀.

Mo lọ sí kíṣìnnì, mo sunkún níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bínú sí ọkọ mi, mo bínú sí ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé gbogbo àdúrà tí mò ń fi dá a lẹ́nu kọ́, ẹ̀rù tèmi ni mò ń fi pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà, èyí tó gùn ni mo fi kọ́. Ó wọ́lẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ọkọ mi ṣe ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọ wa ló dọ́gbọ́n sí ti òtútù. Tí kò bá sí àlejò, a ó ká ẹsẹ̀ kọ́tìnnì sórí etí fèrèsé kí hítà lè ráyè mú bàbá rẹ̀ móoru. Tí àwọn ará ìjọ bá kan ilẹ̀kùn, ọkọ mi á ní ká tú u sílẹ̀, á sì máa gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora, á máa gba ìyìn pálọ̀. Ọmọ náà sì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ẹnu. “Mummy, ṣé kí n jẹ́ kó wọlẹ̀?” Èmi á ní, “Wọ́. Gbé ohùn sókè. Wọ́lẹ̀.” Kò pè é bó ṣe yẹ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ mi lọ. Mo tú kọ́tìnnì sílẹ̀, mo sì fà á dé. Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó ará Ireland tó ń gbé òdìkejì fa tirẹ̀ náà dé. Ó ní àṣà àwọn nìyẹn tí òkú bá wà ládùúgbò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bínú gidigidi. Ó ní a sọ àbúrò òun nù sí ilẹ̀ àjèjì. Síbẹ̀ ó ní ká fi fóònù gbé òun wá síbi ìsìnkú, ọmọ wa ló sì gbé fóònù náà lọ́wọ́. Òjò ń ṣẹ́. Àwòrán náà dì nígbà tí wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀, a kò rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ tó ń béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ibo ni wọ́n bá a dé. Ọmọ mi gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

“Big Daddy,” ó ní, “ó ti wọlẹ̀.”

Mo ti la ẹnu láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, bó ti mọ́ mi lára. Kò sí ohun tó kù láti tún ṣe.