Iṣu Tí Onípákó Kó Fún Ìyá Mi

Títí di òní, bí òórùn pákó tútù bá kàn mí nímú, ojú mi á kọ́kọ́ le ná kí n tó rántí ohun tó fà á. Òórùn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan ni, ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, nígbà tí ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń sáré kọ́lé tí yóò fi gba owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọ́ bọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde yunifásítì, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ gbé mi ṣánlẹ̀. Ọmọ Ìjàn bíi tèmi ni onípákó yìí, ó fi díẹ̀ jù mí lọ. Ó ní kí n yá òun lówó kí òun fi ra gẹdú kún ọjà, òun yóò sì dá a padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Owó náà kì í ṣe owó jíjẹ. Mo ń tọ́jú rẹ̀ láti fi ra páànù tí a ó fi pààrọ̀ òrùlé ìyá mi ní Ìjàn, tí ìpẹtà ti lu jára, débi pé bí òjò bá ti ṣú, abọ́ ni ìyá mi ń gbé kálẹ̀ káàkiri yàrá. A kò kọ ìwé. Ojú bàbá télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni mo ti ka owó lé e lọ́wọ́, nítorí ní tiwa, bí o bá ní kí ọmọ ìlú rẹ fọwọ́ sí ìwé, o ti pè é lólè nìyẹn.

Òjò dé, owó kò dé; ọdún náà lọ, òmíràn tún lọ. Mo ṣì lè to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Ó kọ́kọ́ ní àwọn olùṣọ́ igbó gbẹ́sẹ̀ lé gẹdú òun. Nígbà tó yá, ó ní ìyàwó òun ló bímọ, bẹ́ẹ̀ mo rí ìyàwó náà lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ti rí mi lókèèrè, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yóò gbà jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí kò sá, tó pè mí ní "àbúrò mi àtàtà" níwájú àwọn oníbàárà, tó ní kí wọ́n fún mi lága, tó ra mínírà fún mi, tí ojú fi tì mí láti bèèrè ohun tí mo bá wá. Mo mu mínírà náà tán, mo dúpẹ́, mo sì lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi sí i, ó di "o". Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo bi ara mi pé ọ̀rẹ́ wo ló kù, mo bá gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ, wọ́n sì fìwé ìpè ránṣẹ́ sí i.

Akọ̀wé kóòtù wò mí bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀ òyìnbó kalẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ fi gírámà sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí yín ni ẹjọ́ yín." Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹlẹ́rìí mi bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ tó fẹ́ yé sílé onílé. Mo gbé aṣọ kan dání, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ rán búláòsì, mo lọ bá bàbá télọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni gíní aláwọ̀ ewé lórí máṣíìnì wọn.

"Aṣọ ta nìyí, bàbá?"

"Ti onípákó ni. Àbí àwọn tí kò jẹ gbèsè nìkan lo fẹ́ kí n máa ránṣọ fún? Ebi á pa mí kú."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n bóyá wọn yóò sọ òtítọ́ lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, wọ́n ní, "Mo ti kírun láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" Mo kíyè sí i dáadáa pé wọn kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ta ló mọ̀ bóyá owó ìránṣọ gíní yẹn ni wọn yóò fi pa ẹnu mọ́?

Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí Ìjàn láti sọ fún ìyá mi. Iyán ni mo bá. Mo jẹun kí n tó rojọ́, nítorí iyán náà funfun, ó ń fà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì wà lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná ni mo rí òkìtì iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ńláńlá. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò roko mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n.

"Iṣu ta ni mo jẹ yìí, ìyá?"

"Onípákó rẹ yẹn ni. Ọdọọdún ló ń kó uṣu wá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ti pa yín pọ̀. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí tàkúté náà bí ó ṣe dẹ ẹ́: yóò dìde ní kóòtù, yóò ní iṣu lòun fi ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, pé kí wọ́n bi ìyá mi, kí wọ́n bi èmi náà. Ẹnu á jẹ, ojú á tì. Mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má fọwọ́ kan iṣu yẹn mọ́, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá títí ẹjọ́ yóò fi parí.

"Ṣé uṣu ni yóò lọ jẹ́rìí? Tí o bá tì í pa, á hù."

"Kí lẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kí ọmọ ẹni gbé uṣu wá kí n máa bi í pé èló ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ìlú wa, a kì í bèèrè iye iṣu tí wọ́n gbé wá fún àgbà, ẹni tó sì gbé e wá kò gbọdọ̀ tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ láé. Mo mọ àṣà náà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó lè bí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ kò lóyún, àṣà wo ni kò ní í bà jẹ́?

Bí mo ṣe padà dé Adó, Ọjà Ọba ni mo gbà lọ. Mo bèèrè iye iṣu lọ́wọ́ oníṣu kan, ti ńlá, ti kékeré, ti èṣí, ti ọdún yìí, títí ó fi káwọ́ gbera. Ó ní, "Àǹtí, ṣé iṣu lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ fún un?" Mo ti ń to èsì mi lórí, bí n ó ṣe fi yé kóòtù pé gbogbo iṣu tí ọkùnrin yìí ti kó wá láti ọjọ́ yìí kò tó ìdajì owó páànù mi.

Ọjọ́ pé. Bàbá télọ̀ wọ agbádá, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n bi onípákó. Ó dìde nínú gíní aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó ní, "Mo jẹ ẹ́, bàbá. N kò tíì san nǹkan kan níbẹ̀." Ó jókòó. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ààrẹ kóòtù kàn bi mí, bí ẹni fẹ́ pa ìwé dé, pé ṣé mo ní ohun kan láti sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò dákẹ́. Mo dìde, mo ní iṣu tí ọkùnrin yìí ń kó fún ìyá mi, kí kóòtù má kà á mọ́ owó.

"Iṣu wo?" ni ààrẹ wí.

Onípákó dorí kodò. "N kò sọ̀rọ̀ iṣu, bàbá."

"Ó ń kó iṣu fún ìyá rẹ?" ni ààrẹ bi mí.

"Lọ́dọọdún, sà."

"Ìwọ náà jẹ níbẹ̀?"

Mo wo akọ̀wé, akọ̀wé wo àjà. "Mo jẹ, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Àwọn adájọ́ forí korí, wọ́n ní èmi ni mo jàre, yóò san gbogbo owó náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rántí ìyá olówó kì í ṣe ẹni tó fẹ́ sá lọ, nítorí náà kó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀ òjò kò ní í dé díẹ̀díẹ̀. Mo jàre ẹjọ́ tán, ìyá mi tún gbé abọ́ kálẹ̀ ní gbogbo àsìkò òjò ọdún náà.

Ó san án tán. A kan páànù. Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ lé e lórí, n kò sì tíì lè sọ bóyá ìbọ̀wọ̀ ni iṣu yẹn tàbí ọgbọ́n, bóyá ìtìjú ló fi dorí kodò lọ́jọ́ náà tàbí ẹ̀rín ló ń fi pamọ́. Mo ti rò ó títí, kò yé mi.

Nígbà tí ìyá mi lọ, tí a wá sin wọ́n ní Ìjàn, onípákó dé pẹ̀lú iṣu, orí rẹ̀ ti funfun. Bàbá télọ̀ ti di arúgbó, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo dúró sójú ọ̀nà kí àwọn tó ru iṣu náà tó sọ ẹrù.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ pe eléyìí? Ẹ sọ ọ́ lójú bàbá."

Ó wò mí, ó wo òrùlé. "Ẹ̀bùn ni, Tíṣà."

"Mo gbọ́ o," ni bàbá télọ̀ wí.

Mo ní kí wọ́n gbé e wọlé, kí àwọn obìnrin gbé odó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bèèrè kí n tó jẹ.