Ìkíni Tí Ó Pẹ́ Kí Wọ́n Tó Dáhùn

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò tíì jáwọ́ nínú kíkí ilé. Bí mo bá ti ọjà Ṣàngótẹ̀dó dé, màá ní, "Ẹ kúulé o," màá sì dúró díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń tẹ̀lé e yẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe lè bá gbé.

Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n wá bá àwọn jókòó ṣe àṣàrò láàárọ̀ Sátidé, nínú ilé tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń pàdé ní Ìkátẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi rín.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò lè jókòó láìbá ẹnì kan wí?"

"Màá gbìyànjú."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá débẹ̀. Bàtà wọn wà káàkiri ẹnu ọ̀nà. Mo tò wọ́n ní méjì-méjì, mo bọ́ tèmi náà, kí n tó wọlé. Nínú pálọ̀, gbogbo wọn jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n dijú.

"Ẹ kúulé o."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo tún un wí sókè, bí olùkọ́ tó ń pe kíláàsì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà pàápàá kò ṣíjú.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a kí tí kò jẹ́ni lóhùn, ìjà ló ń bá ni jà. Mo yí padà. Ilé mi náà kì í dá mi lóhùn. Kí ni mo tún ń wọkọ̀ wá síbí fún? Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà nígbà tí agogo kékeré kan dún.

"Ẹ káàbọ̀, sà," gbogbo wọn ní.

Obìnrin tó ń darí wọn, tí kò lè ju ọmọ mi lọ, wá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí a bá ti jókòó, a kì í fọhùn títí agogo yóò fi dún."

"Ṣé ẹ gbọ́ mi ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Ti ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ará ìta náà gbọ́."

Mo ní ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò lè mọ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Mo wá bèèrè ohun tí ẹni tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn máa ń ṣe.

"Ẹ kọ́kọ́ máa wá ná, sà."

Mo bọ́ bàtà náà padà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ti dijú nígbà tí mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọn kò tíì kọ nǹkan kan sí: "Ẹ kúulé níbí o." Mo lanu, mo sì pa á dé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí níbi tó dúró sí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Bí agogo ṣe dún, èmi ni mo kọ́kọ́ yíjú sí i.

"Ẹ káàbọ̀, sà. A gbọ́ yín."