Wákàtí Mẹ́ta sí Buenos Aires

Bí mo bá ti gbóòórùn dòdò tó jó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Òórùn yẹn ló gba ilé wa kan ní ìlú Largo lókè òkun lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi pè láti São Paulo, níbi tó ti ń ṣòwò. Àbúrò màmá mi wà ní ọsibítù ní Buenos Aires, kò sì ní ẹnì kankan níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ṣadé, ẹ lọ wò ó." Màmá mi ò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ó jìnnà jù. Ìrìn ọjọ́ méjì ni."

Màmá mi pe àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní wákàtí mẹ́ta péré ni bàálù ń gbà láti São Paulo débẹ̀. Ló bá tún pe bàbá mi padà.

"Wákàtí mẹ́ta! O wá ń purọ́ fún mi lórí ẹ̀mí àbúrò mi?"

N kò gbọ́ kó pe bàbá mi ní "o" rí. Dòdò ń jó lórí iná, kò sẹ́ni tó yíjú sí i.

Àbúrò màmá mi kú lọ́sẹ̀ yẹn, lóun nìkan. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá mi ò ní ìwé tó lè fi sọdá ẹnubodè, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, à bá ti wá ẹlòmíì tó máa lọ.