Màmá Tó Ń Gbá Ògiri

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti màmá àgbà kan nílé tí mo ń gbé ní Ìdímù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń gbá ògiri náà gbì-gbì. Inú bí mi, mo gbá a padà, mo pariwo pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi jàre!" Wọ́n dákẹ́.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin wọn dé láti Àgbàdo, ó já ilẹ̀kùn. Màmá ti ṣubú ní balùwẹ̀ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti kán. Gbogbo ará ilé jáde wá wòran.

Ọmọ náà bi wá pé, "Ṣé ẹranko ló ń gbénú ilé yìí ni?"

Nígbà tí màmá ti ilé ìwòsàn dé, mo kí wọn kú ewu. Wọ́n wò mí títí, wọ́n rọra wọlé lọ.