Ọjọ́ Tí Nọ́ńbà Bọ́ílà Dúró Lórí Mẹ́rin

Onísódà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí sódà tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn agbára ooru inú bọ́ílà, ìkòkò irin tó ń sọ omi di ooru, níbi ìfọṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ń lọ aṣọ. Okùn USB so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á sì máa yọ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́rin. Ó ṣèèṣì wo aago atọ́ka agbára ooru tó wà lára bọ́ílà: ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá mẹ́sàn-án, ó ń sún mọ́ ibi pupa, àmì ewu.

"Bàbá, ẹ pa iná!"

Bàbá tó ń tọ́jú bọ́ílà rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mẹ́rin lẹ̀rọ rẹ wí?"

"Irọ́ ló ń pa! Màámi, ẹ jáde!"

"Ẹ̀wù oníbàárà wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù—"

"Ẹ jẹ́ ó jó!"

Bàbá wo aago, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó pa iná, ó sáré jáde tòun ti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀gbẹ́ títì ni gbogbo wọn dúró sí. Ìyá Onísódà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ aago tó wálẹ̀ tí wọ́n fi padà wọlé.

"Bàbá, ta ló fọwọ́ kan okùn yìí?"

"Mo gbálẹ̀ láàárọ̀, ó yọ, mo dá a padà síbẹ̀."

Ó wá yé Onísódà. Àpótí méjì ló wà nínú ìrántí ṣípù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bí ètò tó kọ bá ń rọ nọ́ńbà sí ọ̀kan, alákòóso USB, apá ṣípù tó ń darí okùn, á máa kó ti èkejì lọ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ àpótí. Nígbà tí okùn yọ, alákòóso padà sídìí àpótí kìíní. Ètò ò mọ̀, ó rọ nọ́ńbà kún ìkejì, ó ń retí kí alákòóso wá kó o. Ọ̀kan ń ṣọ́ òfìfo, èkejì ń ṣọ́ ẹrù. Nọ́ńbà tuntun ò dé mọ́, kọ̀ǹpútà sì di mẹ́rin àtijọ́ mú.

"Èmi ni mo gbàgbé," ó wí, omi lójú. "Mi ò kọ ohun tí ètò máa ṣe bí okùn bá yọ."

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," Bàbá wí. "Èmi fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ tèmi."

Kó tó dalẹ́ Onísódà ti tún ètò náà kọ: bí okùn bá yọ, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ láti àpótí kìíní, bí nọ́ńbà tuntun ò bá dé, kọ̀ǹpútà á han gooro. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dáná lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó tẹjú mọ́ aago ara bọ́ílà, títí ìyá rẹ̀ fi ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi, o ń dẹ́rù bà wá."