Kú Kí Ni, Ìyá?

Kí àìsàn tó dé, ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá lójú rẹ̀ láìkí i. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Kú iṣẹ́ o, ìyàwó." Bí mo bá dìde láti na ẹ̀yìn, "Kú ìdúró o." Bí mo bá ti ọjà dé, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti kí mi kú ọjà, ó ti kí mi kú oòrùn, ó ti kí mi kú ẹrù. Àwọn ará àdúgbò wa ní Òmù-Àrán máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, Ìyá á kí òun náà kú ìdúró. Èmi tí wọ́n bí ní Òkè-Ọdẹ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í bá mi lára mu nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́. "Oò, Ìyá," lèmi máa ń wí. Nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ á wà láàárín eyín mi, imú ni mo máa ń fi dáhùn.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ọkọ mi ń kọ́ni ní ilé-ìwé kan ní Òró, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin. Torí náà, èmi àti Ìyá la jọ máa ń wà nílé, èmi nídìí ẹ̀rọ, òun lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí àwa méjèèjì ń wo ọ̀nà. Ẹni tó bá rò pé ìyá ọkọ àti ìyàwó kò lè jọ jókòó kí ilé má gbóná, kó wá bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà lẹ́yìnkùlé. A gbọ́ tí ike omi rẹ̀ ṣubú, a sì gbọ́ tí òun náà ṣubú. Nígbà tí a gbé e ti ilé ìwòsàn dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ti lọ, àfi ẹyọ kan.

"Kú."

Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yẹn kò ní já láyà bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Kú iṣẹ́, ìkíni ni. Kú ọjà, ìkíni ni. Kú nìkan, èpè ni. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún aláìsàn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu, Ìyá. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà." Ìyá wò ó lójú, ó ní, "Kú." Obìnrin náà ní, "Sùbùhánálláì!" Ó gbé abọ́ rẹ̀ tòun ti ẹ̀kọ inú rẹ̀, ó di ilé. Ó dùn mí fún Ìyá, ó sì tún dùn mí fún ẹ̀kọ náà, torí mi ò tíì jẹun àárọ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń wá kí i kì í wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ju àdúà sí i. Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Mo bá gbé omi gbígbóná wá láti wẹ̀ ẹ́, "Kú." Mo bá fi ṣíbí fún un ní ògì, "Kú." Mo wọ aṣọ fún un tán, mo wé gèlè fún un, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, "Kú." Mo sọ fún ọkọ mi pé bí ó bá bá mi ní òkú lọ́jọ́ kan, kó má wulẹ̀ wádìí jìnnà.

Ọjọ́ tí ojú mi là, ọjà ni mo lọ. Mo ra òwú, mo ra bọ́tìnnì, mo ra ẹja. Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà, kò sí ọlọ́kadà tó dúró, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé nínú àgbàrá òjò. Òwú ti rin, bébà tí wọ́n fi di ẹja ti ya, inú ń bí mi. Bí mo ṣe yọjú, Ìyá gbójú sókè láti orí àga rẹ̀. "Kú."

Mo sọ ẹrù kalẹ̀. "Kú kí ni, Ìyá? Ẹ bá mi parí ẹ̀ lónìí! Kú iṣẹ́ ni?"

Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Rárá.

Mo dúró. N kò retí èsì tẹ́lẹ̀. "Kú ọjà ni?"

Rárá. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi fa etí ìró mi tí omi ń ro láti ibẹ̀.

"Kú òjò?"

Ojú rẹ̀ tàn. Ó mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tún un sọ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Kú." Mo ní, "Oò, Ìyá." Ibẹ̀ ni mo bú sẹ́kún sí nínú aṣọ tútù. Àṣé ìyá wa kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kí wa bó ṣe máa ń kí wa ni, ìrù ìkíni náà ló já.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá á ní "Kú," èmi á wá ìyókù rẹ̀. Kò sì rọrùn o, torí Ìyá kì í gba ìkíni tí kò bá bá ọ̀ràn mu. Mo ti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata dé, mo ní kú ìrìn ni, ó ní rárá. Kú ìdúró ni, torí ó mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí aṣọ oníbàárà kún ọwọ́ mi, tí mo jókòó títí ìdí fi ń ro mí, mo ní kú iṣẹ́ ni, ó ní rárá o, kú ìjókòó ni. Oníbàárà kan wá bú mi pé mo rán aṣọ há òun lára, bẹ́ẹ̀ òun ló sanra, òṣùwọ̀n tí mo wọ̀n kò sanra. Mo pa ẹnu mọ́ títí ó fi lọ. Ìyá ní, "Kú." Mo gbìyànjú títí kí n tó dé ibẹ̀: kú àmúmọ́ra. Bí ó ṣe mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ìbínú mi rọlẹ̀, torí ẹnì kan rí i pé mo mú un mọ́ra.

Ọkọ mi náà bá wa dá sí i. Ó ti Òró dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá kí i, ọkọ mi ní kú ìrìn ni, ó ní kú iṣẹ́ ni, ó ní kú eruku ni, gbogbo rẹ̀ rárá. Nígbà tó sú u, ó ní, "Àbí kú ebi ni?" Kò sí ìkíni tó ń jẹ́ kú ebi nílẹ̀ Ìgbómìnà, àmọ́ Ìyá gbà á, ó sì yí ojú sí mi. Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ. Ìyá ẹlẹ́kọ pàápàá ti padà. Mo ti ṣàlàyé fún un, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, tí á máa bá Ìyá ṣe é bí ẹni ń pa àlọ́.

Mo ti ń rán aṣọ, mo ti ń lọ ata, mo ti ń ra epo láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú wọn tó tó dúpẹ́ lé lórí. Nísinsìnyí, bí mo bá ń bọ̀ láti ibi tí mo lọ, mo ti máa ń wo ara mi lójú ọ̀nà: kí ni Ìyá máa kí mi fún lónìí? Ṣé oòrùn ni, àbí ẹrù, àbí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí? Ìrìn àjò mi kò ju ọjà àti ilé lọ, síbẹ̀ ẹnì kan jókòó tó ń dúró de ìròyìn rẹ̀. Inú mi dùn ní àkókò náà, mo sì mọ̀ pé inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ̀ títí ọjọ́ náà á fi kọjá.

Iléyá ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà sì ń bọ̀ láti Èkó. Òun ni àkọ́bí Ìyá. Àwa ìyàwó kì í pe ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ká tó wọlé lórúkọ, Baba Èkó ni mo máa ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, òun ló ń fi oògùn ránṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì jẹ́ kó fojú kan Ìyá láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Lórí fóònù, ara Ìyá ń le sí i la máa ń sọ fún un. Ọ̀rọ̀ "kú" yìí, a kò mọ bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dúró, ó ti ń sáré bọ̀. "Ìyá mi! Ìyá mi!" Ó ti tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Ìyá rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Kú."

Baba Èkó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀. Ìyá tún un sọ, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ayọ̀ rẹ̀ pọ̀: "Kú!" Ọkùnrin náà yí padà láìdọ̀bálẹ̀, ó padà lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Baba Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ìkíni ni. Káàbọ̀ ni wọ́n ń kí yín."

"Ìyàwó, káàbọ̀ kọ́ nìyẹn. Níbo ni kú wà nínú káàbọ̀?"

"Kú àbọ̀ ni, ẹ pè é díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ."

"Ìyá mi wò mí lójú, ó ní kí n kú. Ẹ̀yin náà ń tan ara yín jẹ ni."

Ó ṣe Iléyá náà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọdún, ó pe àbúrò rẹ̀ àti èmi jókòó. Ó ní òun ti rí ibì kan ní Èkó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, tí nọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ ni òun máa gbé Ìyá lọ, torí ìyàwó òun ń lọ síbi iṣẹ́, kò sí ẹni tó máa wà nílé. Ó ní ọpọlọ Ìyá ti lọ, kò sì yẹ kó wà níbi tí wọ́n á ti máa rò pé ó ń ṣépè. Ọkọ mi wolẹ̀. Àbúrò ni, kí ló fẹ́ wí? Èmi tí wọ́n fẹ́ wá ńkọ́? Mo wọ yàrá, mo sunkún. Níbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ta ni yóò bi í pé kú kí ni? Wọ́n á gbọ́ èpè, wọ́n á sá, á sì máa kí ògiri. Ara mi náà ni mò ń sunkún fún. Bí mo bá ti ọjà dé, ta ni yóò rí mi?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Baba Èkó gbé Ìyá sínú ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ gbé e dé Èsìẹ́ níbi tí wọ́n ti bí i, kó lọ fojú kan àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n padà wá kí wọ́n tó gba ọ̀nà Èkó. Ẹrù Ìyá ti wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ látàárọ̀. Mo di elùbọ́ tí wọ́n máa gbé lọ, mo wá jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń yí bọ́tìnnì bùbá rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ òsì lè dé, kí ó má baà jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa bá a dè é. Ìgbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀, n kò gbójú sókè. N kò fẹ́ rí i.

Baba Èkó dì í mú ní apá, wọ́n rọra ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá dúró, ó wò mí.

"Kú."

Baba Èkó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ti kún mi lójú, síbẹ̀ mo bi í bí mo ṣe ń bi í tẹ́lẹ̀. "Kú iṣẹ́ ni, Ìyá?" Rárá. "Kú ìjókòó?" Rárá. Mo wo elùbọ́ tí mo dì. "Kú làálàá?" Rárá, rárá! Inú ti ń bí i. Ó fi ọwọ́ òsì gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ wọ́, ọrùn rẹ̀ le, ó gbé itọ́ mì.

"Kú... kú... ilé."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò ronú kan ìyẹn rí, torí ẹni tó jáde tó sì padà ló ń kí ará ilé kúulé, Ìyá kò sì tíì jáde láti ọjọ́ tí a ti gbé e ti ilé ìwòsàn dé. Òní ló jáde. Òní ló dé.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," mo ní. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ káàbọ̀."

Baba Èkó mú Ìyá dé orí àga rẹ̀, ó gbé e jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ohùn ọmọdé ni. "Ìyá, lọ́jọ́ tí mo dé. Ṣé káàbọ̀ lẹ ń kí mi?"

Ìyá wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Baba Èkó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú agbádá funfun lórí àgékù aṣọ àti òwú tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ìdọ̀bálẹ̀ tó kù sílẹ̀ láti ọjọ́ tó dé. "Ẹ kúulé, Ìyá," ló wí. "Ẹ kúulé."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, òwú aláwọ̀ mèremère ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà, kò gbọ̀n ọ́n. Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé báàgì Ìyá lé èjìká, ó ń gbé e bọ̀ wálé.

Mo ní, "Baba Èkó, ẹ kú ẹrù."