Ọ̀dà Pupa Lórí Ilé Àdúrà

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, akunlé ní Odigbo, kì í kun irin láìkọ́kọ́ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò. Á ní, “Ta ní í wọ aṣọ tuntun lé ìdọ̀tí?”

Lọ́dún òmìnira, ó ń kun páànù ilé àdúrà wa, mo di àkàbà mú. Ìyá Àdúrà dé, ó rí ọ̀dà pupa, èèwọ̀ àwa aláṣọ funfun.

Ó ké sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lókè, “Dá sùtánà rẹ padà, má wá síbí mọ́.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Òun ló ń dènà ìpẹtà, funfun ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ò pupa lábẹ́ sùtánà ni?”

Ìyá ní, “Kí funfun yára bò ó.”

Ó yíjú sẹ́yìn ògiri tí èmi akọni ti fi àkàbà sílẹ̀ sá sí. “Ìwọ, jáde. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lókè.”